Ààwẹ̀ Ọdún 1969 ní Accra: Nígbà tí Gbèdéke Ìjọba Bọ́ Sínú Oṣù Ramadan

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n òwe náà gbà pé ẹni tó wà lájò ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ di ẹrù, tí yóò mú ọjọ́ tó wù ú, tí yóò sì dágbére fún àwọn aládùúgbò kó tó gbéra. Ní ìparí ọdún 1969, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Ghánà darí wálé láìjẹ́ pé àwọn ló mú ọjọ́. Ìjọba ló mú un fún wọn, ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ló sì fún wọn.

Ìtàn yìí kì í ṣe tuntun sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Nòfẹ́ńbà 1969, ìjọba Ọ̀jọ̀gbọ́n Kofi Abrefa Busia, tí kò tíì ju oṣù díẹ̀ lọ lórí àga, kéde pé gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ gba ìwé náà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, tàbí kó fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀. Aliens Compliance Order ni wọ́n ń pe àṣẹ náà. Gbèdéke rẹ̀ pé ní 2 oṣù Dìsẹ́ńbà. Ẹ ó rí ọjọ́ méjèèjì yìí nínú gbogbo ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ohun tí ẹ kò ní í sábà rí níbẹ̀ ni pé oṣù Ramadan ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Ramadan ọdún 1389 lẹ́yìn Hijra bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 11 oṣù Nòfẹ́ńbà 1969. Ó lè fi ọjọ́ kan yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ṣe rí oṣù sí. Ìyẹn ni pé nígbà tí ìkéde náà jáde, àwọn Mùsùlùmí Accra ti gba ààwẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ kan. Gbèdéke ọjọ́ mẹ́rìnlá wá bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà, ìgbà tí òru mẹ́wàá tó kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìtúnu ààwẹ̀ bọ́ sí nǹkan bí 11 oṣù Dìsẹ́ńbà, ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí àkókò ti tán fún ẹni tí kò níwèé. Láàárín ìkéde àti gbèdéke, ìrun Jímọ̀ méjì péré ló wà níbẹ̀: 21 àti 28 oṣù Nòfẹ́ńbà.

N kò sọ pé ìjọba Busia dìídì mú oṣù ààwẹ̀ láti fi ni àwọn Mùsùlùmí lára. Kò sí ohun tó fi hàn bẹ́ẹ̀, àṣẹ náà kò sì yọ ẹlẹ́sìn kankan sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Yorùbá tó kan jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, pàápàá àwọn Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀, tí wọ́n ti dá ìjọ sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Ghánà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn ṣe rí fún ìdílé Mùsùlùmí kan ní Accra gbọ́dọ̀ fi kàlẹ́ńdà kejì lé orí ti àkọ́kọ́. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ àlejò àti onílé, tí a sábà máa ń kà sí ọ̀rọ̀ òṣèlú, wà láàárín gbùngbùn ẹ̀sìn náà fúnra rẹ̀.

Àwọn wo ni wọ́n ní kí wọ́n lọ?

Ìrìn àjò Yorùbá sí ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghánà lónìí ti pẹ́ ju ìjọba òyìnbó lọ. Obì ló kọ́kọ́ fà wọ́n. Obì gbàǹja tí a ń jẹ nílé wa, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láti ara orúkọ Gonja, ilẹ̀ kan ní àríwá Ghánà, ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Nígbà tí ọ̀gágun John Glover kó àwọn ọmọ ogun láti Èkó lọ bá àwọn Asante jà ní 1873 sí 1874, Hausa ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wà láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ kò padà sílé mọ́. Àwọn àti àwọn oníṣòwò ló wà nídìí sọ́ńgò, àdúgbò àwọn àlejò Mùsùlùmí, tó ń gbilẹ̀ ní ìlú kan tẹ̀ lé òmíràn.

Ní Accra, nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Mùsùlùmí ìlú náà ni Olóyè Braimah, ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò màlúù àti obì. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àárín àwọn Yorùbá àti àwọn Hausa gún nígbà yẹn. Wọ́n jà lórí ẹni tí yóò jẹ́ olórí, wọ́n sì jà lórí ẹni tí yóò jẹ́ Lèmọ́mù. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1908, àwọn Hausa tó tẹ̀ lé Malam Bako tẹ Sabon Zongo dó. Àwọn Yorùbá náà ní ibi tiwọn, tí wọ́n ń pè ní Lagos Town. Orúkọ yẹn ti yí padà lẹ́yìn òmìnira; Accra New Town ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ lónìí.

Àmì wọn kò sí lára orúkọ àdúgbò nìkan. Ní Accra àti Kumasi títí di òní, alata samina ni orúkọ tí wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú wa, ìyẹn ọṣẹ àwọn Alata. Alata àti Anago ni orúkọ tí àwọn ará Ghánà fi ń pe Yorùbá àti àwọn mìíràn tó ti ìhà wa lọ. Àwọn obìnrin wa ni wọ́n ń kiri ọjà kéékèèké láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń ta ohun tí èèyàn lè rà ní ẹyọ kan: ṣúgà ẹyọ, okùn, abẹ́rẹ́, sìgá. Wọ́n wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìnísà, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti àwọn ìlú mìíràn lágbègbè náà. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1960, àjèjì jẹ́ nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gbé ní Ghánà, àwọn Yorùbá nìkan sì tó nǹkan bí 100,000.

Iye yìí kò fi ohun kan hàn wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kà sí àjèjì ni wọ́n bí sí Ghánà. Bàbá wọn ló kúrò ní Ọ̀fà. Àwọn kò rí Ọ̀fà rí. Twi tàbí Ga ni wọ́n fi ń ṣeré pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn, Hausa ni wọ́n ń gbọ́ ní mọ́ṣáláṣí, Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n gba ìwé láti lè máa gbé ní ilé tí wọ́n bí wọn sí.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá nínú ààwẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ààwẹ̀ mọ bí ọjọ́ kan nínú Ramadan ṣe ń rí. Èèyàn á jí sààrì ní òru, á jẹun kí àfẹ̀mọ́júmọ́ tó là, á sì fẹnu pa mọ́ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ní Accra, kókó àti koose ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣínu. Yorùbá tó bá dé ibẹ̀ kò ní í ṣàjèjì sí méjèèjì, nítorí mọ̀lẹ́bí ògì ni kókó yẹn, àkàrà gan-an sì ni koose. Lẹ́yìn ìṣínu, ìrun alẹ́ ń bẹ, tarawíhì ń bẹ, àfáà á sì jókòó láti túmọ̀ Àlùkùránì. Ó gba pé kí èèyàn ní ibì kan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí. Ààwẹ̀ jẹ́ ìjọsìn tí ara ilé, aládùúgbò, mọ́ṣáláṣí àti ọjà jọ ń gbé ró. Ẹni tó dá wà lè gbà á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ó yàtọ̀.

Ẹ wá gbé ìkéde ọjọ́ mẹ́rìnlá lé orí èyí. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé ní láti lọ tò lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìjọba, láìjẹ láìmu, nínú oòrùn Accra, láìmọ̀ bóyá yóò kàn án kí gbèdéke tó pé. Ẹni tó ti gbà pé òun yóò lọ ní láti ta ọjà tó wà nílẹ̀ ní iye tí ẹni tó ń rà bá dá, nítorí gbogbo ayé ló mọ̀ pé kò lè dúró nájà. Àwọn tó ra àwìn lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Àwìn ló gbé òwò àwọn Yorùbá ró ní Ghánà. Òun ló jẹ́ kí oníbàárà fẹ́ràn wọn. Gbèsè tí èèyàn ń gbà díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kò ṣeé gbà ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé tí a kọ́ kò ṣeé dì sórí ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà. Láti Accra lọ sí Aflao tó wà lẹ́nubodè, láti ibẹ̀ bọ́ sí Lomé, kí a la Tógò àti Dahomey kọjá, tí wọ́n wá sọ di Benin lẹ́yìn ìgbà náà, kí a tó dé Nàìjíríà. Ogun abẹ́lé kò tíì parí ní Nàìjíríà nígbà yẹn. Oṣù Jánúárì 1970 ló tó dáwọ́ dúró. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń padà sí. Àwọn tó kúrò ní Ghánà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ̀nyẹn àti ní oṣù tó tẹ̀ lé e, láti gbogbo orílẹ̀-èdè tó yí Ghánà ká, lé ní 100,000 dáadáa.

Ohun tí òfin ẹ̀sìn sọ nípa arìnrìn-àjò

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a ti fara balẹ̀. Nínú ibi tí Àlùkùránì ti sọ ààwẹ̀ di dandan, nínú Súrà kejì, ibẹ̀ náà ni ó ti dá ẹni méjì sí: aláìsàn àti arìnrìn-àjò. Àwọn méjèèjì lè jẹun, kí wọ́n san ọjọ́ tí wọ́n jẹ padà lẹ́yìn oṣù náà. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ láàárín Accra àti Lomé ní ọjọ́ kejìlélógún Ramadan ní ẹ̀tọ́ láti mu omi. Òfin ìjọba ti sọ ọ́ di àjèjì. Òfin ẹ̀sìn sì rí i gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò, ó sì ti pèsè ìrọ̀rùn sílẹ̀ fún un kí wọ́n tó bí baba ńlá rẹ̀.

Sàká náà ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ló máa ń yọ sàká owó wọn nínú Ramadan, ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ti pé ọdún lọ́wọ́ wọn, nítorí ẹ̀san iṣẹ́ rere pọ̀ sí i nínú oṣù náà. Àlùkùránì, nínú Súrà kẹsàn-án, ka ọ̀nà mẹ́jọ tí a lè ná sàká sí. Tálákà àti aláìní wà níbẹ̀, gbogbo wa ló mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ojú ọ̀nà, ìyẹn arìnrìn-àjò tí ọ̀nà há mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olówó ni nílé rẹ̀.

Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún oníṣòwò kan ní Lagos Town. Ní Ramadan ọdún 1388, òun ló ń yọ sàká fún ẹlòmíràn. Ní Ramadan ọdún 1389, ọjà rẹ̀ ti lọ, gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ ti dúró sí ìhà kejì ibodè, ó sì wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Láàárín ọdún kan, ó ti kúrò nínú àwọn tó ń fúnni, ó ti bọ́ sáàárín àwọn tí a lè fún. Òfin tí kò fi ojúṣe sàká mọ sọ́dọ̀ tálákà ìlú ẹni nìkan mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Sàká ìtúnu ààwẹ̀ sì tún rọrùn ju ìyẹn lọ. Mudù mẹ́rin oúnjẹ lórí orí kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ ọwọ́, kí ó sì jáde kí wọ́n tó kírun ọdún. Ibi tí oṣù bá kú bá èèyàn sí ni wọ́n sábà máa ń yọ ọ́. Bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ, oúnjẹ tí ìdílé oníṣòwò yìí ì bá yọ ní Dìsẹ́ńbà 1969, àwọn tálákà Accra ni ì bá jẹ ẹ́. Nígbà tí a bá ń ṣírò ohun tí Ghánà pàdánù nítorí àṣẹ yẹn, a máa ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn òṣìṣẹ́ oko kòkó tó dín kù àti ọjà tó dá ní ìgbèríko. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n sàráà tí kò sí mọ́ láàárín aládùúgbò kò sí nínú ìwé ìṣírò kankan.

Ramadan mìíràn, ní òdì kejì òkun

Kì í ṣe 1969 ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Ramadan, Yorùbá àti Accra jọ pàdé nínú ìtàn. Ní òru 24 mọ́jú 25 oṣù Jánúárì 1835, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira dìde ní ìlú Salvador, ní Bahia, ilẹ̀ Bràsíìlì. Nǹkan bí 600 ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí òpìtàn João José Reis ṣe fojú bù ú. Nagô, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Malê ni wọ́n ń pe àwọn Mùsùlùmí àárín wọn, ẹ ò sì nílò ògbufọ̀ láti gbọ́ Ìmàle nínú rẹ̀. Òpin Ramadan ọdún 1250 ni, ní ìtòsí òru Lailatul Qadri. Ìjọba ṣẹ́gun wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó lé ní 70 tó kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na àwọn kan lẹ́gba, wọ́n yìnbọn pa àwọn kan, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ kúrò nílùú padà sí Áfíríkà.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1836, ọkọ̀ ojú omi kan gbé àwọn tó ti gba òmìnira ní Bràsíìlì dé èbúté Accra. Kì í ṣe gbogbo wọn ló wà nínú ìjà náà, ṣùgbọ́n ìfòyà tó tẹ̀ lé e ló mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú fi Bahia sílẹ̀, Mùsùlùmí sì wà láàárín àwọn tó gúnlẹ̀. Àwọn Ga fún wọn nílẹ̀, wọ́n sì gbà wọ́n sínú Otublohum, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò ìlú náà. Nígbà tí wọ́n bá kí wọn, èdè Potogí ni wọ́n fi ń dáhùn pé ó dára, tá bom, ni orúkọ Tabom bá mọ́ wọn lára. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n rán aṣọ, wọ́n dáko. Ilé wọn, Brazil House, wà ní James Town títí di òní, àwọn ọmọ wọn sì ti di Ga. Kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ wọn.

Ìlú kan náà ni. Ní 1836, ó gba àwọn tí ìjọba mìíràn kò fẹ́. Ní 1969, láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti lé àwọn kan tó jẹ́ pé orírun wọn kò jìnnà sí tàwọn Tabom. Ohun tó yàtọ̀ kì í ṣe ọkàn àwọn ará Accra. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ní 1836, ọba àti àwọn àgbà àdúgbò ló ń pinnu ẹni tó lè bá wọn gbé, wọ́n sì ń rí i lójú kí wọ́n tó pinnu. Ní 1969, ìwé ló ń pinnu.

Ọwọ́ gbogbo wa kò mọ́

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹjọ́ Busia nìkan ni mo ń rò. Ó ti pẹ́ kó tó dórí àga tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1957, tí òmìnira Ghánà kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ìjọba Kwame Nkrumah lé aṣáájú Mùsùlùmí méjì ní Kumasi, Amadu Baba àti Alhaji Othman Larden, lọ sí Nàìjíríà. Àwọn méjèèjì sọ pé ọmọ Ghánà ni àwọn, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Kí ẹjọ́ náà tó parí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin kan tó dárúkọ àwọn méjèèjì, wọ́n sì lé wọn lọ. Ìjọba kan ti kọ́ni pé àjèjì ni a lè pe ẹni tí a kò bá fẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e kàn sọ iye rẹ̀ di púpọ̀ ni.

Àwa náà ní Nàìjíríà kò gbẹ́yìn. Ní 17 oṣù Jánúárì 1983, ìjọba Shehu Shagari fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti lọ. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọmọ Ghánà ló gba ọ̀nà kan náà tí àwọn Yorùbá gbà ní 1969, ṣùgbọ́n wọ́n dojú kọ òdì kejì. Báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí ṣì wà nílé wa títí di òní pẹ̀lú orúkọ tí kò yẹ kó máa pa wá lẹ́rìn-ín. Mùsùlùmí ni Shagari, Kìrìsìtẹ́nì ni Busia. Ẹ̀sìn ọlọ́lá kò dá ìkọ̀ọ̀kan wọn lọ́wọ́ kọ́.

Busia fúnra rẹ̀ mọ bí àjò tí a kò yàn ṣe ń rí. Ó ti sá kúrò ní Ghánà lábẹ́ Nkrumah fún ọdún mélòó kan. Ní oṣù Jánúárì 1972, nígbà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìtọ́jú ara rẹ̀, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn odi ló kú sí ní 1978. Onímọ̀ nípa àwùjọ ni. Ó ti ṣe ìwádìí nípa ìgbé ayé àwọn ará Sekondi àti Takoradi, ìlú tí àlejò kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ìmọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìrírí wà lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó fọwọ́ sí àṣẹ náà, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì pàtẹ́wọ́ fún un nígbà náà. Iṣẹ́ wọ́n, owó kò sí, ó sì rọrùn láti gbà pé àlejò ló jẹ oúnjẹ ọmọ onílé. Kí ọdún díẹ̀ tó kọjá, gbogbo ayé ti rí i pé lílọ àwọn àlejò kò mú ọrọ̀ ajé Ghánà sàn.

Kí la fẹ́ ṣe báyìí?

ECOWAS wà láti 1975, àdéhùn ọdún 1979 rẹ̀ sì fún gbogbo wa ní ẹ̀tọ́ láti wọ ìlú ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò tíì kú. Òfin Ghánà ti ọdún 2013 fi òwò kéékèèké inú ọjà sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ nìkan. Ní 2019 àti 2020, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní àwọn ọjà kan. Ní 2025, àwọn kan wọ́de ní Accra pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ sílé. Ìjọba Ghánà ọ̀tẹ̀ yìí kò gbè wọ́n lẹ́yìn, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ 1969 kò ní í sùn lọ fọnfọn.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, kò sì sí ibi tí Ìsìláàmù ti ní kí Mùsùlùmí má pa òfin ìlú mọ́. Ohun tí mo ń bá jà ni gbèdéke tó kéré ju ohun tí èèyàn lè fi sanwó gbèsè rẹ̀, tó sì kéré ju ohun tí ó lè fi gba ìwé náà gan-an.

Àwọn Mùsùlùmí ìlú méjèèjì lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé tiwọn. Lèmọ́mù àgbà Ghánà, Sheikh Osmanu Nuhu Sharubutu, fi àpẹẹrẹ lélẹ̀ ní oṣù Éépìrì 2019, nígbà tó lọ jókòó pẹ̀lú àwọn Kátólíìkì ní ìsìn Àjíǹde ní Accra, ní ọdún tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí onílé ẹ̀sìn kan bá lè ṣe àlejò nílé ẹ̀sìn kejì, kí ló wá le nínú kí ará Nima àti ọmọ Ìlọrin jọ ṣínu?

Ohun méjì ló yẹ kí a ṣe kí Ramadan tó ń bọ̀ tó dé. Èkíní, kí àwọn ìgbìmọ̀ sàká ní Accra, Èkó, Ìbàdàn àti Ìlọrin rántí pé ọmọ ojú ọ̀nà wà nínú àwọn mẹ́jọ yẹn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, tálákà àdúgbò nìkan la máa ń fún, a sì máa ń gbàgbé ẹni tí ọ̀nà há mọ́ ní Aflao tàbí Sẹ̀mẹ̀. Kí wọ́n ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún un, kí ó sì hàn nínú ìwé ìṣirò wọn.

Èkejì kò gba owó rárá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 1969 ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa báyìí. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún ti lé ní ọgọ́rin. Wọ́n ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà, ní Ìnísà, ní Ṣakí, wọ́n sì wà ní Accra, nítorí àwọn kan rí ìwé gbà, àwọn mìíràn sì padà lọ nígbà tí ìjì náà rọlẹ̀. Kí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn bi wọ́n léèrè, kí wọ́n sì gba ohùn wọn sílẹ̀: ibo lẹ ti jẹ sààrì ọjọ́ tí ẹ gbéra? Ta ló fún yín lómi ìṣínu lójú ọ̀nà? Ibo lẹ ti kírun ọdún? Ta ló ń jẹ yín lówó, ta sì lẹ fi kọ́kọ́rọ́ ilé yín sílẹ̀ fún? Ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò sí nínú ìwé ìjọba Ghánà, kò sì sí nínú ti Nàìjíríà. Ẹnu àwọn tó gba ààwẹ̀ náà ló wà, wọn kò sì pọ̀ mọ́.